Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Èjìká: Ìgbà Wo Ni Onífọ́tò Tún Lè Gbé Kámẹ́rà?

Ìgbà tí ìrora bá lọ ni ó yẹ kí onífọ́tò tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní èjìká ṣọ́ra jù lọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, dókítà lè ní kí ó bọ́ aṣọ tí wọ́n fi so apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Oorun alẹ́ á ti dára díẹ̀, ọwọ́ á sì ti lè gbé ife tíì dé ẹnu. Ṣùgbọ́n okùn iṣan tí wọ́n rán mọ́ eegun nínú èjìká náà kò tíì lẹ̀ dáadáa. Bí ẹni náà bá sọ pé ara òun ti yá, tí ó gbé kámẹ́rà ńlá lọ sí òde, ó lè já ohun tí dókítà rán.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àdúgbò bí Okumagba Layout ní ìlú Warri, Ìpínlẹ̀ Delta, gidigidi. Àwọn agbẹjọ́rò kò lè gbàgbé orúkọ àdúgbò náà, nítorí pé nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dá ní ọdún 1976 lórí ilẹ̀ ibẹ̀, ni wọ́n ti to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Lónìí, ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìjọsìn ló kún ibẹ̀, ìnáwó ìgbéyàwó àti ìsìnkú sì ni oúnjẹ onífọ́tò ní Warri gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ìbàdàn tàbí Èkó. Ìsìnkú kan lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àìsùn ní ọjọ́ Ẹtì, kí ó gba gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó sì di ìsìn ìdúpẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Gbogbo àkókò yìí ni kámẹ́rà fi ń lọ sókè, tí ó ń bọ̀ wálẹ̀. Oníbàárà kì í sì í sún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ síwájú nítorí èjìká ẹni tí yóò ya fọ́tò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwọ̀n ẹrù náà. Kámẹ́rà Canon EOS 5D Mark IV, tí ó jáde ní ọdún 2016, wọn gíráàmù 890 pẹ̀lú bátìrì rẹ̀. Lẹ́ǹsì gígùn 70-200mm f/2.8 tí wọ́n fi ń ya ìyàwó láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wọn nǹkan bí kílò kan àbọ̀. Bí wọ́n bá fi iná fíláàṣì lé e lórí, gbogbo rẹ̀ sún mọ́ kílò mẹ́ta. Ẹni tí ó bá gbé kílò mẹ́ta mọ́ àyà kò ní kà á sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé e sókè tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ jìnnà sí ara, bí onífọ́tò ti ń ṣe nígbà tí èrò bá dí i lójú tí ó sì na kámẹ́rà kọjá orí wọn, èjìká ni yóò san gbogbo gbèsè rẹ̀.

Èjìká ni oríkèé tí ó lè yí síhìn-ín sọ́hùn-ún jù lọ nínú ara ènìyàn. Orí eegun apá rí roboto, ibi tí ó jókòó sí kò sì jìn, bí ọsàn tí wọ́n gbé ka àwo pẹlẹbẹ. Iṣan mẹ́rin ló yí i ká tí wọ́n dì í mú kí ó má baà yẹ̀. Okùn iṣan tó le ni ìṣan kọ̀ọ̀kan fi so mọ́ eegun. Èyí tí ó gba òkè èjìká kọjá, lábẹ́ eegun ṣóńṣó èjìká, ló ń ṣèrànwọ́ láti gbé apá sókè láti ẹ̀gbẹ́, òun náà ló sì máa ń ya jù lọ. Ó lè ya lẹ́ẹ̀kan náà bí ènìyàn bá já bọ́ láti orí ọ̀kadà tí ó fi ọwọ́ tilẹ̀. Ó sì lè máa jẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, pàápàá fún ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbé ọwọ́ sókè.

Ẹni tí ó bá ní in kì í lè sùn lé èjìká náà. Gbígbé apá láti wọ ẹ̀wù a máa ni í lára, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa rọ nígbà tí ó bá fẹ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ gíga. Fọ́tò X-ray nìkan kò tó láti mọ̀ ọ́n, torí pé eegun ni ó ń fi hàn, kì í fi okùn iṣan hàn. Skáànì tàbí ẹ̀rọ MRI ni dókítà máa ń fi rí ibi tí ó ti ya. Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló nílò ọ̀bẹ: bí ó bá jẹ́ pé apá kan okùn náà ló ya, fisiọ̀tẹ́ráápì, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ìnàra àti ìdárayá ṣe, ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú. Bí ó bá já pátápátá, tàbí tí ìtọ́jú yẹn kò ṣiṣẹ́, dókítà lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Yóò gbin ìdè kéékèèké sínú eegun, yóò sì fi òwú inú wọn fa okùn iṣan náà padà sí àyè rẹ̀.

Òwú yẹn kàn di okùn náà mú ni. Ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò mú kí okùn àti eegun lẹ̀ mọ́ra, iṣẹ́ náà kò sì yá. Ìrora lè dín kù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ṣùgbọ́n nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni ó gbà kí ìlẹ̀mọ́ra náà tó lè gba ìdárayá tí ń fún iṣan lágbára. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti oṣù mẹ́ta yìí ni ewu wà, nítorí pé ara ń sọ ohun kan, okùn iṣan ń sọ òmíràn.

Kí ni onífọ́tò wá lè ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ yìí ló ń jẹ, tí jíjókòó lásán sì lè kó ìrònú bá a? Ohun tí ó ṣeé ṣe pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ, bí ó bá lè ya fọ́tò yíyà sọ́tọ̀ kúrò lára kámẹ́rà gbígbé.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, apá wà nínú aṣọ ìgbékọ́ ọrùn, àní nígbà oorun. Àwọn ìdárayá tí wọ́n sábà máa ń gbà láàyè ni ká ìka, yí ọrùn ọwọ́, ná ìgbọ̀nwọ́, àti jíju apá wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nígbà tí aláìsàn bá tẹ̀ síwájú, bí onímọ̀ fisiọ̀tẹ́ráápì bá ti fi hàn án. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya fọ́tò lákòókò yìí lè fi ọwọ́ kejì lo fóònù. Ó lè jókòó ti kọ̀ǹpútà láti ṣa fọ́tò àtijọ́ kí ó sì tún wọn ṣe, kí ó rí i pé apá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún sinmi lórí tìmùtìmù, kí asin kọ̀ǹpútà sì wà ní ọwọ́ kejì.

Èjìká tí ọ̀rọ̀ kàn ṣe pàtàkì níhìn-ín. Ọwọ́ ọ̀tún ni àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà fi bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀ sí, kò sì sí ti ẹlẹ́sọ̀ọ́sì lọ́jà. Ọwọ́ òsì ló ń ti lẹ́ǹsì lábẹ́. Nítorí náà, ẹni tí èjìká òsì rẹ̀ ń ṣàìsàn lè tẹ bọ́tìnì, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹrù lẹ́ǹsì. Ẹni tí ó jẹ́ ọ̀tún ni kò lè gbé ìka dé bọ́tìnì ní iwájú ojú rẹ̀. Fún ẹni kejì yìí, okùn tàbí rìmóòtù tí wọ́n fi ń tẹ kámẹ́rà láti ọ̀nà jíjìn, tàbí fóònù tí wọ́n so mọ́ kámẹ́rà, a máa yanjú rẹ̀.

Nígbà tí dókítà bá ti gbà kí aṣọ ìgbékọ́ kúrò, ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta di ọ̀rẹ́ tòótọ́. Kí ẹlòmíràn gbé kámẹ́rà lé e lórí, kí wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ dé ìwọ̀n àyà, kí ìgbọ̀nwọ́ má baà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, fọ́tò ọmọ tuntun, fọ́tò ẹbí nínú ilé: gbogbo rẹ̀ ṣeé ṣe báyìí. Àwọn àgbà onífọ́tò kò sì rí èyí bí àbùkù rárá. Olóyè Solomon Osagie Alonge, tí ó dá Ideal Photo Studio sílẹ̀ ní ìlú Benin ní ọdún 1942, tí ó sì ya fọ́tò ní ààfin Ọba Benin, lo kámẹ́rà onígíláàsì ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, irú èyí tí kì í kúrò lórí ìdúró. Ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ló ń wá bá kámẹ́rà, kámẹ́rà kì í sáré lé e.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí àyẹ̀wò bá dára, ni fífún iṣan lágbára ń bẹ̀rẹ̀, tí kámẹ́rà sì lè wá sí ọwọ́. Kékeré ni kí ó jẹ́. Canon EOS R8, tí ó jáde ní ọdún 2023, pẹ̀lú lẹ́ǹsì RF 50mm f/1.8 kò pé gíráàmù 650 lápapọ̀, ìyẹn bí ìdá mẹ́rin tàbí ìdá márùn-ún ẹrù ti àkọ́kọ́. Kí àkókò tí yóò fi dì í mú kọ́kọ́ jẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ó sì máa pọ̀ sí i. Kí àpò wà ní ìbàdí tàbí lọ́wọ́ ọmọṣẹ́, kí okùn kámẹ́rà má sì kọ́ èjìká tí ń jinná. Lẹ́ǹsì ńlá àti nína ọwọ́ kọjá orí èrò lè dúró di oṣù mẹ́fà, nígbà mìíràn ó sì lè pé ọdún kan kí agbára tó padà bọ̀ sípò.

Àpẹẹrẹ kan wà nínú ìtàn iṣẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ti èjìká. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1945, ìbọn ńlá ṣe onífọ́tò ọmọ Amẹ́ríkà, W. Eugene Smith, tí ń ṣiṣẹ́ fún ìwé ìròyìn Life, léṣe ní ojú àti ọwọ́ òsì ní erékùṣù Okinawa. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un léraléra. Ọdún 1946 ni ó tó gbé kámẹ́rà láti ya fọ́tò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìpalára náà, fífi fíìmù sínú rẹ̀ pàápàá sì jẹ́ ìnira fún ọwọ́ rẹ̀. Kò gba iṣẹ́ òde, kò lọ sí ojú ogun. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì tí ń rìn jáde láti abẹ́ igi sínú ìmọ́lẹ̀ ni ó yà, nítòsí ilé. Fọ́tò náà, The Walk to Paradise Garden, ni wọ́n fi kásẹ̀ àfihàn The Family of Man nílẹ̀ ní New York ní ọdún 1955. Iṣẹ́ kékeré tí ọwọ́ rẹ̀ ká ló fi padà.

Ohun tí ó le jù ni owó. Onífọ́tò tí ń dá ṣiṣẹ́ kò ní ẹni tí yóò san owó oṣù fún un nílé, oníbàárà tí ó bá sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn lè má padà. Ọ̀nà kan tó bójú mu ni kí ó gba iṣẹ́ náà, kí ó fi ọmọṣẹ́ tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sídìí kámẹ́rà, kí òun máa to àwọn ènìyàn sí ipò, kí ó máa darí ìmọ́lẹ̀, kí wọ́n sì pín owó. Kí ó sọ fún oníbàárà ṣáájú ọjọ́ ìnáwó. Ìpínlẹ̀ Delta ti ní òfin ètò ìlera alájọsan láti ọdún 2016, àwọn tí ń dá ṣiṣẹ́ sì lè forúkọ sílẹ̀; ó yẹ kí ẹni tí ó bá wà nínú rẹ̀ béèrè ohun tí ètò náà yóò san nínú iṣẹ́ abẹ àti fisiọ̀tẹ́ráápì kí wọ́n tó mú ọjọ́.

Ohun mìíràn tí ó ń ba iṣẹ́ dókítà jẹ́ ni fífi òróró wọ́ èjìká náà. Àwọn tó ń to eegun ní ìmọ̀ tiwọn, ṣùgbọ́n fífa apá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán okùn iṣan rẹ̀ lè já a. Oògùn ìrora náà kò gbọdọ̀ di ohun tí ènìyàn lò kí ó lè lọ ṣiṣẹ́ òde, torí pé yóò bo ìkìlọ̀ ara mọ́lẹ̀. Sìgá ń fa ìjinná sẹ́yìn. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí ó lè mú kí ọgbẹ́ pẹ́ kí ó tó jinná, kí èjìká sì le gbagidi. Nítorí líle yìí kan náà ni kò fi dára kí ènìyàn bẹ̀rù débi pé kò ní ṣe ìdárayá rárá.

Bí ibà bá dé, bí ojú ọgbẹ́ bá pọ́n tàbí tí ó ń sun ọyún, bí ọwọ́ bá kú tipiri, bí ẹsẹ̀ bá wú tí ó sì ń ro, tàbí bí nǹkan bá dún nínú èjìká tí apá kò sì lè gbéra mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹni náà gbà lọ lọ́jọ́ náà. Bí àyà bá ń dun ún tàbí tí èémí kò délẹ̀, kò gbọdọ̀ dúró rárá.

Láti Okumagba Layout, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Delta ní Oghara àti ti Yunifásítì Benin ni wọ́n sún mọ́ jù nínú àwọn ńlá tí ó ní dókítà eegun. Àwọn mìíràn a máa lọ sí ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ ní Enugu, tàbí ti Igbobi ní Èkó, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1945 kan náà, fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ abẹ ní ọ̀nà jíjìn, tí ó sì fẹ́ máa gba fisiọ̀tẹ́ráápì ní Warri, ní láti gba ìwé lọ́wọ́ dókítà rẹ̀ tí yóò sọ bí okùn iṣan náà ti ya tó, bí wọ́n ti rán an, àti ọjọ́ tí ó lè bẹ̀rẹ̀ sí gbé nǹkan. Kí ó gbé kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì rẹ̀ dání, tàbí kí ẹlòmíràn bá a gbé e, ní ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ rí onímọ̀ fisiọ̀tẹ́ráápì, kí ẹni náà lè fojú ara rẹ̀ rí ẹrù tí èjìká yẹn fẹ́ padà sídìí rẹ̀.