Àlàfo Inú Igbó: Ilẹ̀ Yewa àti Ọ̀dàn tí ó dé Etí Òkun

Ojú ọjọ́ ni ó pín ilẹ̀ Áfíríkà ní ìlà-ìlà. Ní àríwá ni aginjù Sàhárà wà, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mílíọ̀nù 9 kìlómítà níbùú-lóròó. Ọ̀dàn ni ó tẹ̀lé aginjù sí ìhà gúúsù. Igbó kìjikìji ni ó sì tẹ̀lé ọ̀dàn títí dé etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n láti agbègbè Akra ní Ghana dé Benin, ọ̀dàn já igbó yìí sí méjì, ó sì dé òkun. Àlàfo Dàhómì ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ilẹ̀ Yewa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di 1995, wà ní etí rẹ̀ níhà ìlà-oòrùn. Ìdí nìyí tí igbó fi pọ̀ ní agbègbè Ìlaròó, tí ọ̀dàn sì gbilẹ̀ ní ìhà Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ.

Kí ni ó fa àlàfo yìí? Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ tí ń gbé òjò wá ti ń fẹ́. Ní agbègbè Akra, etíkun nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà. Nítorí náà, púpọ̀ nínú rẹ̀ a kọjá láìwọ ilẹ̀. Omi òkun ibẹ̀ pẹ̀lú a máa tutù láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án, ọ̀rinrin kì í sì í pọ̀ lójú rẹ̀. Òjò Akra kò tó 900 mìlímítà lọ́dún. Ti Èkó lé ní 1,400.

Ohun tí ilẹ̀ jẹ́ ni ó tọ́ka ọ̀nà fún àwọn ènìyàn. Eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó kìjikìji, ṣùgbọ́n ọ̀dàn gba ẹṣin. Nítorí náà, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ilẹ̀ yìí ni Ọ̀yọ́ gbà dé Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì láti ta ẹrú àti ọjà mìíràn. Oníṣàrè ti Ìjánà sì ń ṣojú fún Aláàfin níbẹ̀. Nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ rẹ̀, ogun Dàhómì gba ilẹ̀ gbalasa kan náà wọlé. Ní 1886 ni ó fọ́ Kétu.

Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ààlà la ilẹ̀ náà: Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ara ìjọba Kétu, bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì kò wo ibi tí igbó pin tàbí ibi tí èdè dé.

Koríko tí ó gba ẹṣin ni ó ń fa màlúù wá lónìí. Ní 2021, ìjà àwọn darandaran àti àgbẹ̀ ní Àríwá Yewa lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá ààlà lọ sí Benin. Bí a bá ń gé igi fún pákó àti èédú láìgbin òmíràn, ọ̀dàn yóò máa fẹ̀ sí i, ìjà lórí ilẹ̀ kò sì ní dín kù. Ẹni tí yóò bá parí irú ìjà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìwà ilẹ̀ tí a ń jà lé lórí.