Ìdìmú ẹ̀yà mọ́tò nínú fáànù kọ̀ǹpútà

Ìdìmú ẹ̀yà mọ́tò nínú fáànù kọ̀ǹpútà ni àkópọ̀ àwọn ọ̀nà tí àwọn olùṣe ẹ̀rọ ń gbà fi ẹ̀yà mọ́tò iná tí ó wà láàárín fáànù kékeré sí ipò rẹ̀, kí èyí tí ó yẹ kí ó dúró má baà yẹ̀, kí èyí tí ó yẹ kí ó yí má sì baà jábọ́. Irú fáànù yìí ni abẹ̀bẹ̀ oníná tí ń fẹ́ ooru kúrò nínú kọ̀ǹpútà, ínfátà àti ọ̀pọ̀ ohun èlò iná mìíràn. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń lo iná DC 12 V, ìbú rẹ̀ sì lè jẹ́ 80, 92, 120 tàbí 140 mìlímítà.

Fáànù kò wọ́n púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ó ń dáàbò bò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú rẹ̀ gba ìṣọ́ra. Àlàfo tí ó wà láàárín apá tí ń yí àti apá tí kì í yí kò ju ìdá díẹ̀ nínú mìlímítà kan lọ. Bí ẹ̀yà kan bá yẹ̀ ní ìwọ̀n kékeré bẹ́ẹ̀, apá méjèèjì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ha ara wọn, fáànù yóò pariwo, yóò falẹ̀, yóò sì dúró níkẹyìn. Nígbà náà ni ooru yóò gbára jọ sórí ohun tí fáànù ń tù lára.

Àwọn ẹ̀yà mọ́tò náà

Mọ́tò inú fáànù kọ̀ǹpútà kì í lo búrọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ni pé kò sí kábọ́ọ̀nù tí ń ha ara irin láti gbé iná kọjá. Ó pín sí apá méjì.

Apá adúró ni ó wà nínú. Ó jẹ́ àwọn irin pẹlẹbẹ tí a tò léra wọn, tí wọ́n sì sábà máa ń ní apá mẹ́rin bí àgbélébùú. A ń fi ike bo irin náà kí wáyà má baà kàn án, lẹ́yìn náà a ó ká wáyà bàbà mọ́ apá kọ̀ọ̀kan. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni pátákó iná kékeré kan wà, èyí tí ó gbé sẹ́ńsọ̀ Hall. Sẹ́ńsọ̀ yìí ni ó ń mọ ibi tí òòfà dé bí ó ti ń yí, kí iná lè yí ìhà padà nínú wáyà ní àkókò tí ó yẹ. Ìlànà tí ó ń lò ni Edwin Hall, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣàwárí ní ọdún 1879.

Apá ayípo ni ó wà lóde. Ó dà bí ife tí a dojú rẹ̀ dé. Àwọn ìyẹ́ tí ń fẹ́ atẹ́gùn wà lára ẹ̀yìn ife náà. Òrùka irin kan wà nínú rẹ̀, òrùka òòfà sì lẹ̀ mọ́ inú òrùka irin náà. Láti àárín ife ni ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti yọ wá sísàlẹ̀.

Ibi tí apá méjèèjì ti pàdé ni páìpù kékeré tí ó dúró láàárín férémù fáànù. Apá adúró wọ páìpù yìí láti òde, bẹ́rìn wà nínú rẹ̀, ọ̀pá apá ayípo sì ń yí nínú bẹ́rìn. Páìpù yìí ni òpó tí gbogbo ilé náà gbára lé: bí ó bá wọ́, tàbí bí ohun tí a fi mọ́ ọn bá tú, kò sí ẹ̀yà mìíràn tí ó lè wà ní ipò rẹ̀.

Ìtàn ní ṣókí

Mọ́tò iná DC àtijọ́ ní búrọ́ọ̀ṣì. Búrọ́ọ̀ṣì a máa jẹ tán, a máa ta iná pàrà, eruku kábọ́ọ̀nù rẹ̀ a sì máa bà sórí ohun èlò. Ní ọdún 1962, T. G. Wilson àti P. H. Trickey gbé ìwé kan jáde lórí mọ́tò DC tí ó ń fi tiransísítọ̀ ṣe iṣẹ́ tí búrọ́ọ̀ṣì ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí tiransísítọ̀ àti òòfà ti ń dínwó ni irú mọ́tò yìí wọ inú fáànù kékeré. Láàárín àwọn ọdún 1990, ooru tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń mú jáde ti pọ̀ débi pé fáànù orí rẹ̀ di ohun tí ó wọ́pọ̀. Láti ìgbà náà ni dídì ẹ̀yà mú nínú fáànù ti di iṣẹ́ tí a ń fi ẹ̀rọ ṣe ní iye tí kò lóǹkà.

Agbára tí ń fẹ́ tú ẹ̀yà

Ohun mẹ́rin ni ó sábà máa ń gbìyànjú láti tú ẹ̀yà mọ́tò kúrò ní ipò.

Èkíní ni agbára ìdápadà. Bí wáyà bàbà ti ń ti òòfà láti yí sí ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni òòfà ń ti wáyà sí òsì ní ìwọ̀n kan náà. Apá adúró fúnra rẹ̀ ń fẹ́ yí, ìdìmú nìkan ni kò jẹ́ kí ó yí.

Èkejì ni àìdọ́gba ìwúwo. Bí ìwúwo ìyẹ́ kan bá fi díẹ̀ ju ti èkejì lọ, gbogbo apá ayípo yóò máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fún àpẹẹrẹ, ohun tí ó wúwo ní ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù, tí ó wà ní mìlímítà 50 sí àárín fáànù tí ń yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, ń fi agbára tí ó ju ìlọ́po 200 ìwúwo ara rẹ̀ lọ fa ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́. Bí eré fáànù náà bá di ìlọ́po méjì, agbára yìí yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí a fi ń wọn ìdọ́gba fáànù kí ó tó kúrò ní ilé iṣẹ́, tí a sì ń lẹ ohun kékeré mọ́ ibi tí ó fúyẹ́ tàbí kí a họ díẹ̀ kúrò níbi tí ó wúwo.

Ẹ̀kẹta ni ooru. Ike a máa wú ju irin lọ nígbà tí ooru bá mú wọn. Bí fáànù ti ń gbóná tí ó sì ń tutù lójoojúmọ́, ibi tí irin àti ike ti fún mọ́ra yóò máa ṣí díẹ̀díẹ̀. Ike tí a fún pa fún ìgbà pípẹ́ a sì máa dẹ̀, kò ní lè fún irin mọ́ bíi ti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìwúwo ara àti ìkọlù. Bí a bá gbé fáànù kọ́ sókè tí ojú rẹ̀ kọ sí ilẹ̀, apá ayípo ń fẹ́ já bọ́. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣubú, tàbí tí ọkọ̀ tí ó gbé e bá ń fò lójú ọ̀nà gbágungbàgun, ẹrù náà yóò tún pọ̀ sí i.

Ìdìmú apá adúró

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni kí a fi ipá kì í mọ́ páìpù. A ó ṣe ihò àárín irin náà kí ó kéré díẹ̀ sí ìbú páìpù, ẹ̀rọ yóò sì tẹ̀ ẹ́ wọlé títí yóò fi fún mọ́ ọn. Ọ̀nà yìí yá, kò sì náni lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n nítorí dídẹ̀ ike tí a mẹ́nu kàn lókè, òun nìkan kì í tó lórí páìpù ike. Nínú àwọn fáànù tí a ṣe dáadáa, idẹ ni páìpù náà. A ó gbé idẹ sínú ẹ̀rọ ìdàke kí a tó da ike gbígbóná yí i ká, kí àwọn méjèèjì lè di ọ̀kan nígbà tí ike bá tutù.

Ọ̀nà kejì ni gọ́ọ̀mù. A ó kán an sáàárín páìpù àti irin, yóò sì gan. Ó ń dí àlàfo tí ooru lè ṣí, ó sì ń dín gbígbọ̀n kù. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè ṣàn lọ sínú bẹ́rìn. Bí ó bá sì kéré jù, kò ní dì.

Ọ̀nà kẹta ni ìkọ́ àti ihò. A ó dá èèkàn kékeré sára férémù, a ó sì ṣe ihò tàbí ẹnu tí ó bá a mu sára ike apá adúró. Nígbà tí wọ́n bá wọnú ara wọn, apá adúró kò lè yí mọ́. Àǹfààní mìíràn tún wà nínú èyí: ó ń jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ Hall dúró ní ibi tí ó yẹ gan-an sí àwọn apá mẹ́rin irin. Bí sẹ́ńsọ̀ bá yẹ̀ kúrò níbẹ̀, iná yóò máa yí ìhà padà ní àkókò tí kò tọ́, agbára mọ́tò yóò dín kù, ó tilẹ̀ lè kọ̀ láti gbéra.

Ọ̀nà kẹrin ni yíyọ́ orí ike. A ó jẹ́ kí orí èèkàn ike yọ síta láti inú ihò, a ó fi ooru tàbí ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ yọ́ ọn, yóò sì tẹ́ bí orí ìṣó. Ohun tí a bá dì báyìí kò ṣeé tú láìba nǹkan jẹ́.

Wáyà tí ń gbé iná wọlé náà gbọ́dọ̀ ní ibi tí a há a mọ́ lára férémù, kí ó má baà jẹ́ ibi tí a jó o mọ́ lára pátákó iná ni yóò gba ẹrù nígbà tí ẹnìkan bá fà á.

Ìdìmú apá ayípo

Ìdìmú apá ayípo ṣòro ju ti apá adúró lọ, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ wà ní ipò rẹ̀ láìdáwọ́ yíyí dúró. A sábà máa ń ha ẹ̀gbẹ́ orí ọ̀pá kí ó le gbágungbàgun, kí ike tàbí irin tí a fi mú un lè rí ibi dì mọ́. Òrùka òòfà ni a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ tàbí kí a fi ipá kì í sínú òrùka irin.

Ní ìdí ọ̀pá, a ń gé ihà tóóró kan yí i ká. Nígbà tí ọ̀pá bá ti wọnú bẹ́rìn tí ó sì yọ sí ìsàlẹ̀, a ó fi òrùka ike tín-ínrín kan, tí a là ní ẹ̀gbẹ́ kan, há sínú ihà náà. Nínú ọ̀pọ̀ fáànù, òrùka kékeré yìí nìkan ni kò jẹ́ kí gbogbo apá ayípo bọ́ jáde. Ìdérí rọ́bà àti ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fáànù ni ó bò ó mọ́lẹ̀.

Òòfà náà ń ṣèrànwọ́. Bí a bá gbé òòfà sókè díẹ̀ ju irin apá adúró lọ, irin yóò máa fà á sísàlẹ̀ nígbà gbogbo, ọ̀pá kò sì ní máa fò sókè sódò. Nínú àwọn fáànù kan, a tún ń fi òòfà kékeré sí ìdí páìpù láti fa ọ̀pá náà mọ́lẹ̀.

Bẹ́rìn

Oríṣi bẹ́rìn ni ó ń pinnu irú ìdìmú tí fáànù nílò. Bẹ́rìn tí ó rọrùn jù lọ jẹ́ páìpù tí a fi ìyẹ̀fun irin sun, tí ihò wínníwínní inú rẹ̀ mu epo yó. Òrùka kan a máa wà lókè rẹ̀ kí epo má baà tú jáde. Bẹ́rìn oníbọ́ọ̀lù sábà máa ń jẹ́ méjì, a sì ń fi sípíríǹgì kékeré tì wọ́n kí àwọn bọ́ọ̀lù má baà máa jó nínú àlàfo wọn. Bí sípíríǹgì bá kúrò, ariwo yóò bẹ̀rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù kò tilẹ̀ tíì jẹ. Oríṣi kẹta ni bẹ́rìn tí a fín ihà sí nínú, tí ihà náà ń kó epo jọ sí àárín bí ọ̀pá ti ń yí, tí ọ̀pá sì ń léfòó lórí epo.

Àmì pé ìdìmú ti tú

Fáànù tí ó ń pariwo nígbà tí a kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà, tí ó sì dákẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, sábà máa ń jẹ́ èyí tí epo bẹ́rìn rẹ̀ ti ń gbẹ. Èyí tí ń kan kó-kó-kó bí a bá ti yí ìdúró rẹ̀ padà ni ọ̀pá rẹ̀ ń fò sókè sódò. Èyí tí ń gbọ̀n láìdáwọ́ dúró lè ní eruku lórí ìyẹ́ kan ju èkejì lọ. Ní ìgbà ọyẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, eruku tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà a máa dá irú èyí sílẹ̀. Nínú fáànù oníwáyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wáyà kan ń sọ iye ìyípo fún kọ̀ǹpútà, ní àmì méjì fún ìyípo kan. Bí iye náà bá ń dín kù láìsí pé ẹnìkan dín in, ó yẹ kí a yẹ fáànù náà wò.

Ìtúnṣe

Fáànù tí òrùka ike di ọ̀pá rẹ̀ mú ṣeé tú. A ó gé iná, a ó ṣí ìwé àti ìdérí rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀, a ó fi ohun ẹlẹ́nu tẹ́ẹ́rẹ́ yọ òrùka náà láìfi ipá fà á, a ó sì ti ọ̀pá jáde. Lẹ́yìn tí a bá ti nu bẹ́rìn, epo fífúyẹ́ bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ ni ó yẹ. Òróró ìdáná a máa ki, a sì máa lẹ̀ bí ó bá pẹ́. Bí òrùka náà bá ṣẹ́, kò yẹ kí a lo fáànù láìsí i, nítorí pé òòfà nìkan kò tó láti dá apá ayípo dúró nígbà ìkọlù. Nígbà tí a bá ń fẹ́ eruku kúrò, kí a fi ọwọ́ di ìyẹ́ mú, kí afẹ́fẹ́ má baà yí i ju eré tí bẹ́rìn lè gbà lọ. Bí a bá sì ń de férémù padà, kí súkúrù má fún jù, kí férémù má baà wọ́.

Fáànù tí a yọ́ orí ike rẹ̀ tàbí tí a fi gọ́ọ̀mù dí ìdí rẹ̀ kì í ṣeé tú báyìí. Ìdìmú bẹ́ẹ̀ ń dá epo dúró, kì í sì í jẹ́ kí eruku wọlé, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí bẹ́rìn bá jẹ, gbogbo fáànù ni a ó pààrọ̀. Èyí ni olùṣe ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yàn láàárín: ìdìmú tí kò ní tú fúnra rẹ̀, tàbí ìdìmú tí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ lè tú nígbà tí ó bá fẹ́ tún un ṣe.