Como, Ìlú Ẹni Tó Ṣe Bátìrì Àkọ́kọ́

Ní àríwá Ítálì, lẹ́sẹ̀ òkè Alps, ìlú àtijọ́ kan wà létí adágún: Como. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Alessandro Volta lọ́dún 1745, ọkùnrin tó ṣe bátìrì àkọ́kọ́.

A wọ ilé tí wọ́n kọ́ ní ìrántí rẹ̀ létí omi. Iná jó ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1899. Àwọn tó ṣẹ́ kù àtàwọn tí wọ́n tún ṣe la rí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, a wọ ọkọ̀ ojú irin tí wáyà ń fà gòkè lọ sí Brunate. Láti 1894 ló ti ń ṣiṣẹ́. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 7 lọ. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn náà á débẹ̀ wò adágún láti òkè.

Ẹ̀yin òbí, bí iná bá lọ tẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ sọ ìtàn Volta fáwọn ọmọ.