Ohun Tí Olè Bá Rí Ló Ń Fọ́ Gíláàsì Fún: Ẹ̀yin Ọlọ́jà Àti Oníṣẹ́ Ọwọ́ Tẹ́ Ẹ Ní Mọ́tò, Ẹ Gbọ́ O!

Ọ̀rọ̀ kan ló délẹ̀ yìí tí kò yẹ ká fi falẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn olè tó ń fọ́ mọ́tò ni, àti ti àwọn tó ń gbé mọ́tò lọ pátápátá.

Kí èèyàn páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kó ní kí òun sáré ra nǹkan, kó padà dé, kó bá gíláàsì nílẹ̀ wẹ́wẹ́ bí iyọ̀! Ọwọ́ á lọ sórí, ẹnu á ní, "Yéè, mo gbé!" Báàgì ti lọ, fóònù ti lọ, owó ọjà ti lọ. Bó bá wá jẹ́ ìyá tí owó alájọ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ńkọ́? Owó tí kì í ṣe tirẹ̀! Bó bá jẹ́ télọ̀ tó kó aṣọ ìyàwó ọlọ́jọ́ Sátidé sẹ́yìn mọ́tò ńkọ́? Kì í ṣe gíláàsì nìkan ni olè fọ́ yẹn, orúkọ rere tí èèyàn ní lọ́dọ̀ oníbàárà ló fọ́.

Àwọn kan á ní orí ló ń ṣọ́ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ògiri wa ti lanu.

OLÈ KÌ Í ṢE BABALÁWO

Olè tó ń fọ́ mọ́tò kò mọ ohun tó wà nínú búùtù yín. Ohun tó bá fojú rí láti ìta, ìyẹn ló ń tìtorí ẹ̀ fọ́ gíláàsì. Báàgì orí ìjókòó, fóònù tó wà lẹ́nu ṣájà, ọ̀rá dúdú tó wú. Inú ọ̀rá yẹn lè jẹ́ gàrí lásán o, olè ò mọ̀, owó ló máa pè é. Nítorí náà, ẹ palẹ̀ inú mọ́tò mọ́ kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀.

Ẹlòmíì tiẹ̀ wà, á páàkì tán kó tó ṣí búùtù, á wá máa kó báàgì sí i níṣojú gbogbo ayé. Ṣé kì í ṣe pé ó ń júwe ilé fún olè nìyẹn? Níbi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀ ni kí ẹ ti kó o sí búùtù. Owó ọjà ní tirẹ̀, ara ẹni ló yẹ kó wà. Kò gbọdọ̀ dá wà nínú mọ́tò rárá.

Ẹ tún wo ti rìmóòtù. Ọ̀pọ̀ wa máa ń tẹ̀ ẹ́ láì bojú wẹ̀yìn, a ti ń bá tiwa lọ. Àwọn olè kan ní ẹ̀rọ tó ń dí rìmóòtù lọ́nà, mọ́tò kò ní í gbọ́ pé ẹ ní kó tì. Ẹ fọwọ́ fa ilẹ̀kùn wò kí ẹ tó lọ. Kò gbà ju kí èèyàn sín lẹ́ẹ̀kan.

Láyé ọjọ́un, rédíò mọ́tò ni wọ́n máa ń tú. Lóde òní, brain box ni wọ́n ń wá, ìyẹn àpótí kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò tí wọ́n bá yọ ọ́ lára ẹ̀, ó ti di ẹrù, kò ní í sítáàtì. Àwọn Toyota tó kún ìgboro ni wọ́n sábà ń dójú sọ, torí ọjà wọn ń yá. Wọ́n tún ń yọ bátìrì, iná iwájú àti díńgí ẹ̀gbẹ́. Níbi òde àríyá, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí, wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ni mọ́tò kò ní í tètè jáde. Ẹ sọ fún rẹwáyà yín kó bá yín fi irin ká brain box mọ́. Ẹ sì fín nọ́ńbà mọ́tò yín sára díńgí àti iná iwájú. Ẹrù tó ní orúkọ lára, títà rẹ̀ máa ń nira fún olè.

"MÀMÁ, TÁYÀ YÍN TI JÒ!"

Ẹ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bóyá ní Ọ̀ṣọ́dì, bóyá ní Ìwó Road n'Íbàdàn. Ọmọkùnrin kan á sáré wá, á nawọ́ sí ẹsẹ̀ mọ́tò: "Màmá, táyà yín ti jò!" Tàbí kó ní, "Dádì, ọ́ìlì yín ń dà sílẹ̀!" Bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ báyìí, ẹnìkejì rẹ̀ tó wà lódìkejì á ṣílẹ̀kùn, ó dìgbà! Bí wọ́n bá sọ ọ́ fún yín, ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ rọra wà á dé ilé epo tàbí ibi tí èèyàn pọ̀ sí. Bí ẹ bá máa sọ̀kalẹ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tó ń gbowó ní báńkì, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń tẹ̀lé yín. Wọ́n lè ti gún táyà yín ní báńkì, wọ́n á máa bọ̀ lẹ́yìn títí ẹ ó fi dúró pààrọ̀ rẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ ìbọn ni wọ́n yọ sí yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Mọ́tò ṣe é rà, ẹ̀mí kò ṣe é rà. Bí ọmọ bá wà lẹ́yìn, ohun tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín nìyẹn: "Ọmọ mi wà nínú ẹ̀ o!"

KÍ WỌ́N MÁ BÀA GBÉ GBOGBO RẸ̀ LỌ

Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí a fi ń jẹun, Micra oní-takisí, dánfó, bọ́ọ̀sì akẹ́rù, ti dàgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní ohun tó ń dá ayédèrú kọ́kọ́rọ́ mọ̀. Olè tó bá mọ wáyà mọ́tò kò ní í pẹ́ níbẹ̀. Ohun tó máa fi í sú ni kí ìdènà pọ̀. Irin tí wọ́n fi ń há sítíárìn kò wọ́n bíi mọ́tò. Irin tó ń há ẹsẹ̀ bíréèkì náà wà. Rẹwáyà sì lè fi súìsì kan pamọ́ tó ń já iná pọ́ǹpù epo. Bí olè bá tilẹ̀ sítáàtì ẹ̀, kò ní í rìn jìnnà. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ mọ ibi tó wà, ẹ má sọ ọ́ fún ọmọ tó ń fọ mọ́tò.

Àwọn tó lágbára lè fi tráka sí i, tó ń sọ ibi tí mọ́tò wà lórí fóònù. Ṣùgbọ́n bó bá júwe ibì kan, ọlọ́pàá ni kí ẹ mú dání lọ síbẹ̀. Ẹ má dá lọ.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ̀yin rẹwáyà, ẹ̀yin panẹ́ẹ̀li bítà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Mọ́tò oníbàárà dà bí ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ yín. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́wàá tẹ́ ẹ fi kọ́ ìṣó lára ògiri, tí ẹni tó wá ra omi náà lè nawọ́ mú, kò dára. Ẹ wá àpótí tó ní àgádágodo. Ẹ̀yin oníbàárà náà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò nìkan ni kí ẹ fún wọn, ẹ yọ ti ilé kúrò nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń háyà bọ́ọ̀sì akẹ́rù, kí ẹrù tó gbéra, ẹ fi fóònù ya nọ́ńbà mọ́tò náà àti awakọ̀. Awakọ̀ rere kò ní í bínú sí i.

BÓ BÁ TI ṢẸLẸ̀ ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó wá bá adìyẹ wí. Ẹkún kọ́ ló kàn.

Àkọ́kọ́, bí fóònù àti káàdì báńkì bá wà nínú ohun tí wọ́n gbé, ẹ yá fóònù ẹlòmíì kíákíá, ẹ pe báńkì yín kí wọ́n ti àkáǹtì, kí ẹ sì pe ilé iṣẹ́ fóònù kí wọ́n ti láìnì. Owó báàgì lè kéré, kí owó báńkì wá jẹ́ èyí tó máa pani lẹ́kún. Ẹ kọ àwọn nọ́ńbà yìí sínú ìwé nílé láti òní lọ.

Ìkejì, ẹ ya fọ́tò mọ́tò bó ṣe wà, kí ẹ tó gbá gíláàsì. Ìkẹta, ẹ lọ sí tésàn ọlọ́pàá tó wà ládùúgbò yẹn lọ́jọ́ náà gan-an. Nọ́ńbà pàjáwìrì 112 wà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, l'Ékòó ẹ tún lè pe 767. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Bó bá jẹ́ ìwé mọ́tò tàbí láísẹ́ńsì ló sọnù, ẹ lọ búra ní kóòtù, ẹ gbàwé ìbúra. Òun ni wọ́n máa béèrè kí wọ́n tó ṣe òmíràn fún yín.

Àwọn kan á ní, "Kí lọlọ́pàá fẹ́ ṣe sí i?" Ẹ gbọ́ mi o! Bí àwọn adigunjalè bá fi mọ́tò yín ṣiṣẹ́ ibi lọ́la, orúkọ ta ni ó wà lára ìwé? Tiyín ni. Ìwé ẹ̀rí yẹn ló máa sọ pé mọ́tò ti kúrò lọ́wọ́ yín kí aburú tó ṣẹlẹ̀. Ìdí rẹ̀ náà nìyí tẹ́ ẹ fi gbọ́dọ̀ rí i pé ẹni tó ra mọ́tò lọ́wọ́ yín yí ìwé sí orúkọ ara rẹ̀. Ẹ sì máa tọ́jú ẹ̀dà gbogbo ìwé mọ́tò sílé.

Ẹ tún wo ìnṣọ́ránsì yín dáadáa. Èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń ra kí ọlọ́pàá má bàa dá wa dúró, third party ni. Owó rẹ̀ fún mọ́tò ilé kúrò ní ₦5,000, ó di ₦15,000 láti oṣù kìíní ọdún 2023. Ẹni tí mọ́tò yín bá ṣe léṣe ló wà fún, kò sanwó mọ́tò tí wọ́n jí. Bí mọ́tò bá jẹ́ ẹ̀mí iṣẹ́ yín, ẹ béèrè èyí tó kan olè.

Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ ńkọ́? Ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹ má fi táyà sí i lọ́rùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu lẹ́bàá Port Harcourt, wọ́n lu ọmọ yunifásítì mẹ́rin pa, wọ́n sun wọ́n, wọ́n ní wọ́n jalè. Irọ́ ni. Lọ́dún 2017 kóòtù dájọ́ ikú fún mẹ́ta nínú àwọn tó lọ́wọ́ sí i, ọlọ́pàá kan sì wà láàárín wọn.

ẸNI TÓ GBA EPO LÁJÀ

Bí kò bá sí ẹni tó ń rà, ta ni olè máa tà á fún? Àwọn àgbà ní ẹni tó gbépo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Òfin náà sọ bẹ́ẹ̀. Abala 427 nínú Criminal Code sọ pé ẹni tó bá gba ẹrù tó mọ̀ pé olè ló kó o lè fẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ní Ládípọ̀ ní Mushin àti ní Gate n'Íbàdàn ló jẹ́ olóòótọ́, ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n brain box tí wọ́n ń tà lábẹ́ igi ní ìdajì owó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti aládùúgbò yín.

Bó bá jẹ́ odidi mọ́tò lẹ fẹ́ rà, ẹ mú mẹkáníìkì dání. Ẹ wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáásì bóyá wọ́n bá ìwé mu, bóyá wọ́n ti há wọn. Tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, tí wọ́n ṣe láti 1981, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló gbọ́dọ̀ wà nínú nọ́ńbà ṣáásì. Ẹ béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí ẹni tó ń tà á bá ń kánjú, ẹ̀yin ẹ má kánjú.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Àmọ́ kí ọjọ́ olóhun tó dé, ẹ gbé báàgì yẹn kúrò lórí ìjókòó. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ kọ̀wé sí wa lójú ìwé lẹ́tà, kí àwọn yòókù lè rí ọgbọ́n kọ́. Olè kò ní í jà yín o.