Kí ló ń gbé àkàrà sókè nínú epo?

Ẹ̀wà tí wọ́n ń dín ní àkàrà láàárọ̀ ní Odò-Ọ̀wá-Èkìtì ni wọ́n tún ń pọ́n sínú ewé eéran láti fi se ọ̀lẹ̀. Wọ́n rẹ ẹ́ sómi, wọ́n bó èèpo rẹ̀, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi ata àti àlùbọ́sà sí i. Síbẹ̀, ọ̀kan ń wú, inú rẹ̀ ń rọ̀ bíi kànrìnkàn, èkejì ń dì, ó sì ń wúwo lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun kan ló yẹ kí a bù sí ẹ̀wà kó tó lè wú, ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń wá ìwúkàrà tàbí báákìn páúdà kiri nígbà tí àkàrà wọn bá ń le. Ẹ̀rí kò gbè wọ́n. Afẹ́fẹ́ tí ọwọ́ lù wọ inú ẹ̀wà, àti iná tó bá a lójijì, ni ohun méjì tó ń gbé àkàrà sókè, ẹni tó bá sì fi èyíkéyìí nínú wọn ṣeré, páúdà kò ní gbà á sílẹ̀.

Bí ọmọ odó tàbí ṣíbí igi ṣe ń lu ẹ̀wà lílọ̀ ni afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀, tó ń di ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò fẹ́ẹ̀ rí. Ká ní omi lásán ni wọ́n ń lù, ihò wọ̀nyẹn ì bá ti tú lójú ẹsẹ̀. Púrótéènì ni kò jẹ́ kí wọ́n tú, nítorí pé ó ń ṣe awọ tẹ́ẹ́rẹ́ yí wọn ká, ẹ̀wà gbígbẹ sì ní in tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó ń lù ú á rí i tí ẹ̀wà náà ń funfun sí i, tó ń fúyẹ́, tó ń ga nínú abọ́. Bí wọ́n bá kán díẹ̀ sínú omi tútù, èyí tó ti gba afẹ́fẹ́ tó á léfòó, èyí tí kò tíì gbà á á rì. Nígbà tó bá wá bọ́ sínú epo tí ìgbóná rẹ̀ tó 180 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi tó wà nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di ooru. Lítà omi kan tó bá di ooru tán máa ń gba àyè tó ju lítà 1,600 lọ. Inú àwọn ihò tó ti wà nílẹ̀ ni ooru náà ń rọ́ sí, ó ń fẹ̀ wọ́n, púrótéènì sì ń gan síbi tí wọ́n fẹ̀ dé. Ọ̀lẹ̀ kò rí irú iná bẹ́ẹ̀. Ooru omi ló ń sè é, ìyẹn kì í sì í ju 100 lọ, ewé sì tún bò ó, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ló ń gbóná títí á fi gan. Lóòótọ́, omi àti òróró tí wọ́n ń fi sí ọ̀lẹ̀ pọ̀ ju ti àkàrà lọ, èyí náà sì ń pa ìfóòfó inú rẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù wà ní ibi tí kò sí ẹ̀wà rárá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn máa ń jẹ Yorkshire pudding pẹ̀lú ẹran màlúù yíyan àti omi ọbẹ̀ ní ọjọ́ Sunday. Fúláwà, ẹyin, mílíìkì àti iyọ̀ ni wọ́n pò pọ̀, tí wọ́n dà sínú agolo tí ọ̀rá ti gbóná janjan nínú rẹ̀, tí wọ́n sì gbé e wọ ààrò tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì. Ìwé kan tó jáde ní 1737 ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rá tó ń kán láti ara ẹran yíyan sè é, Hannah Glasse sì tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ Yorkshire nínú ìwé oúnjẹ rẹ̀ ní 1747. Alfred Bird, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe báákìn páúdà, kò ṣe tirẹ̀ títí di 1843. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, nígbà náà, tí oúnjẹ yìí ti ń wú láìsí páúdà, ó sì ń wú gan-an, débi pé ní 2008 ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal Society of Chemistry, kéde pé èyí tí kò bá ga tó íǹṣì mẹ́rin kò yẹ ní ohun tí à ń pè ní Yorkshire pudding. Bí wọ́n bá da àpòpọ̀ yẹn kan náà sínú páànù lórí iná jẹ́jẹ́, pankéèkì pẹlẹbẹ ló máa dà. Ohun tó ya àkàrà sọ́tọ̀ sí ọ̀lẹ̀ nílé wa náà ló ya àwọn méjì yìí sọ́tọ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi lè gbé àpòpọ̀ tiwọn kalẹ̀ mọ́jú kó sì tún wú, nígbà tí ẹ̀wà tí wọ́n lù tí wọ́n sì gbé kalẹ̀ ń padà di ṣíṣàn? Àríyànjiyàn tó tọ́ ni. Tiwọn ṣàn púpọ̀, kò sì gbójú lé ìfóòfó. Ìsàlẹ̀ àti etí rẹ̀ tó kan ọ̀rá gbígbóná ló ń kọ́kọ́ gan, ooru a sì kóra jọ sáàárín, a ti i sókè ní ihò ńlá kan. Fúláwà kò ní púrótéènì ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ẹyin ni wọ́n fi ń ràn án lọ́wọ́. Ihò wẹ́wẹ́ ni àkàrà nílò, ìyẹn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mọ àkàrà dín mọ èyí láìka ìwé kankan. Ó máa ń tún ẹ̀wà náà lù kó tó bu òmíràn sínú epo, ó sì máa ń fi iyọ̀ sí i kẹ́yìn, nítorí pé iyọ̀ ń fa omi jáde lára àlùbọ́sà, omi yẹn a sì mú kí ẹ̀wà ṣàn.

Àríyànjiyàn kejì ni ti ẹ̀wà gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ di ìyẹ̀fun tí wọ́n sì ń tà nínú àpò ọ̀rá. Epo rẹ̀ gbóná, wọ́n lù ú, àkàrà rẹ̀ sì tún le. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Yunifásítì Georgia ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń ṣèwádìí lórí àkàrà láti nǹkan bí 1980 síwájú, rí i pé ìyẹ̀fun tó kúnná jù kì í gba omi àti afẹ́fẹ́ mọ́ra bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Iná tí wọ́n fi gbẹ ẹ́ náà lè ti ba púrótéènì rẹ̀ jẹ́. Irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ ni ẹyin lè ràn lọ́wọ́. Ẹ̀wà tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ kò nílò rẹ̀, àwọn obìnrin tó ń ta acarajé, ìyẹn àkàrà ti Brazil, ní Bahia, tí ìjọba Brazil ti fi iṣẹ́ wọn sínú ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè, kò sì fi ẹyin tàbí páúdà gbé tiwọn ga láti ayé àwọn ìyá ńlá wọn. Ṣíbí igi ni wọ́n fi ń lù ú.

Èyí kan àwọn tí dókítà ti ní kí wọ́n dín òróró kù, tí wọ́n sì fẹ́ yan àkàrà nínú ààrò. Ohun tó ń jáde sí wọn lọ́wọ́ ni ọ̀lẹ̀ gbígbẹ, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀wà. Agolo tútù ni wọ́n ń da ẹ̀wà sí, afẹ́fẹ́ inú ààrò kì í sì í gbé iná wọ nǹkan kíákíá bí epo. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n ni Yorkshire: kí ṣíbí òróró kan ṣoṣo wà ní ìsàlẹ̀ agolo kéékèèké kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbé e wọ ààrò tó gbóná tó 220 títí òróró náà fi fẹ́ẹ̀ máa yọ èéfín, kí wọ́n tó bu ẹ̀wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù sí i. Kí wọ́n má ṣí ilẹ̀kùn ààrò kí ara rẹ̀ tó gan. Kò ní wú yípo bí èyí tó rì sínú epo, nítorí pé ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ nìkan ni iná tó le bá, ṣùgbọ́n òróró tó máa mu kò ní tó nǹkan.