Ṣé O Mọ̀? Ilẹ̀ Pákó Rẹ, Òrí Ló Fẹ́ Àbí Aṣọ?

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà méjì la lè pín ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń fi kun ilẹ̀ pákó sí? Òróró dà bí òrí: a fi pa igi lára, ó sì wọ inú rẹ̀ lọ. Fánísì dà bí aṣọ: ó bo igi mọ́lẹ̀, kò wọ inú.

Ṣé o mọ̀ pé ibi àtúnṣe ni ìyàtọ̀ wọn ti ń hàn? Bí ilẹ̀ olóróró bá ha, pa òróró díẹ̀ sójú ibẹ̀, ó parí. Fánísì tó bá ya, àbùlẹ̀ rẹ̀ kì í fara sin. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo yàrá la ó fá.

Ṣé o mọ̀ pé fífá ilẹ̀ pákó ti di àwòrán olókìkí rí? Lọ́dún 1875, ayàwòrán Gustave Caillebotte ya òṣìṣẹ́ mẹ́ta tó kúnlẹ̀, láìwẹ̀wù, tí wọ́n ń fá ilẹ̀ ní Paris. Àwọn adájọ́ Salon, ìpàtẹ àwòrán ńlá ní Paris, kọ àwòrán náà lọ́dún yẹn. Lónìí, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Musée d'Orsay ló wà.

Ṣé o mọ̀ pé òróró linseed tí wọ́n ń fi pa pákó kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ? Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń fà mọ́ra títí yóò fi le, èyí sì máa ń mú ooru wá. Bí o bá ká àkísà tó mu ún jọ sí kọ̀rọ̀, ooru náà kò ríbi gbà jáde. Àkísà lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i.

Ṣé o rò pé àsọdùn ni? Lọ́jọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1991, irú àkísà bẹ́ẹ̀ ló dá iná sílẹ̀ ní àjà kejìlélógún One Meridian Plaza, ilé alájà 38 ní Philadelphia, Amẹ́ríkà. Panápaná mẹ́ta ló kú síbẹ̀. Tí o bá parí iṣẹ́, tẹ́ àkísà rẹ sílẹ̀ níta kó gbẹ, tàbí kí o rì í sómi.

Ṣé o mọ̀ pé ara kòkòrò ni shellac, ohun mìíràn tí wọ́n ń fi kun pákó, ti ń wá? Kòkòrò kan tó ń gbé lára igi ní Íńdíà àti Thailand ló ń sun ún jáde. Sípíríìtì ni wọ́n fi ń yọ́ ọ, sípíríìtì náà ló sì ń bà á jẹ́. Ilé tí àríyá kì í tán, tí ọtí líle ń dà sílẹ̀, kó wá nǹkan mìíràn.

Ṣé o mọ̀ pé ìda carnauba, láti ara ewé ọ̀pẹ kan ní Brazil, le ju ìda oyin lọ? Ìda oyin á yọ́ ní nǹkan bí 63°C. Carnauba á kọjá 80°C. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra: fánísì kì í mú lórí ìda.

Ṣé o mọ̀ pé ní Denmark, ọṣẹ nìkan làwọn kan fi ń tọ́jú ilẹ̀ pákó? Ọ̀rá inú ọṣẹ ń wọnú igi, igi náà sì ń funfun.

Ṣé o mọ̀ pé Otto Bayer àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ló ṣàwárí polyurethane, tí wọ́n wá ń fi ṣe fánísì, lọ́dún 1937? Fánísì polyurethane tí wọ́n fi epo pò máa ń pọ́n bí oyin bó bá pẹ́. Èyí tí wọ́n fi omi pò kì í fi bẹ́ẹ̀ yí àwọ̀ padà. Ti omi á gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀; ti epo sábà máa ń sùn mọ́jú.

Ṣé o mọ̀ pé igi apá tiwa ni wọ́n ń tà ní Yúróòpù bí doussié, tí ìrókò sì ń jẹ́ kambala? Ohun tó wà nínú ìrókò lè má jẹ́ kí fánísì olépo tètè gbẹ. Dán an wò ní kọ̀rọ̀ kan ná. Oòrùn sì ń mú ìrókò dúdú sí i: ká rọ́ọ̀gì rẹ lẹ́yìn ọdún kan, wàá rí ojú ibẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí fánísì tó lè dí ọ̀rinrin pa pátápátá? Ọyẹ́ á ṣì mú pákó sún kì, òjò á ṣì mú un wú.

Ṣé o fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ rẹ ṣì wọṣọ? Kán omi sí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ jù, bí ẹnu ọ̀nà. Bó bá dúró roboto bí omi orí ewé kókò, kò séwu. Bó bá rin wọlé lójú rẹ, tí ojú ibẹ̀ sì dúdú, ìhòòhò ni pákó wà.