Ẹni Tí Dìgírì Ìṣàkóso Ìlú Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Yẹ Jù

Akọ̀wé tó wà ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ mọ fáìlì dáadáa. Ó mọ tábìlì tó ti wá, ó mọ tábìlì tó ń lọ, ó sì mọ ọ̀gá tí kì í tètè buwọ́ lù ú. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ ni ìdí tí fáìlì kan fi gbọ́dọ̀ la ọwọ́ ẹni púpọ̀ kọjá kí owó tó jáde, òfin tó sọ bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ará ìlú lè ṣe bí owó bá jáde tí iṣẹ́ kò tẹ̀lé e. Ohun tí ìmọ̀ ìṣàkóso ìlú ń kọ́ni gan-an nìyẹn. Ní tèmi, bí dìgírì kan bá wà tó yẹ kí ènìyàn kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì fiṣẹ́ sílẹ̀, B.Sc. ìṣàkóso ìlú ni, ẹni tó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ni yóò jàǹfààní rẹ̀ ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama lọ.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ka ìtàn àtúntò 1976 tó sọ ìjọba ìbílẹ̀ di ìpele kẹta ìjọba jákèjádò Nàìjíríà. Yóò kà nípa bí ìwé òfin 1999 ṣe fìdí ìjọba ìbílẹ̀ 774 múlẹ̀, ti Àbújá mọ́ ọn, síbẹ̀ tó ní kí owó wọn máa gba inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ ń mójú tó. Ọ̀rọ̀ àpò yìí ló di ẹjọ́ tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Òfin 2007 lórí bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń ra nǹkan tó sì ń gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe wà níbẹ̀. Òfin 2011 náà wà níbẹ̀, èyí tó fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dá ẹni tó béèrè àkọsílẹ̀ lóhùn. Ọmọ ọdún méjìdínlógún lè há gbogbo èyí sórí, kó sì gba máàkì tó ga. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣúná yóò ka orí ìwé kan lálẹ́, yóò sì bá ọ̀rọ̀ náà pàdé lórí tábìlì rẹ̀ láàárọ̀. Bí ohun tó rí kò bá bá ohun tó kà mu, ìbéèrè gidi ti délẹ̀ nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì lè tún ọ́fíìsì náà ṣe. Bó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin láti lọ gbé inú ọgbà yunifásítì, yóò pàdánù owó oṣù rẹ̀, yóò sì pàdánù ibi tó ti lè dán ẹ̀kọ́ rẹ̀ wò.

Àwọn kan yóò ní dìgírì tí ènìyàn kò jókòó ní kíláàsì gbà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìtàn tiwa kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Láti 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti ń jẹ́ kí àwọn tí kò kẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà rẹ̀ ṣe ìdánwò rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gbà gba B.Com. ní 1944, nígbà tó ṣì wà nílé ní Nàìjíríà tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ìdílé rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló di Pírémíà, olórí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, ìjọba tí a ṣì ń fi ìṣàkóso rẹ̀ ṣàpẹẹrẹ títí dòní. Yunifásítì Èkó náà ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn láti 1974. Ìjọba Ṣàgàrí dá yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún irú ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ní 1983, àwọn ológun sì tì í pa ní 1984. Ìgbà Ọbásanjọ́, ní 2002, ló tó tún ṣí, òun la mọ̀ sí NOUN lónìí. Ọdún méjìdínlógún ni a fi ṣòfò báyẹn, ó sì ń dùn mí nígbà tí mo bá ro iye òṣìṣẹ́ tí ìlẹ̀kùn náà ìbá ṣí fún. Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ padà wọlé síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé. Òótọ́ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún wọn kò gba àwọn tó jáde níbẹ̀ sínú ètò àgùnbánirọ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò. Òfin tí wọ́n tún ṣe ní ìparí 2018 ló ṣí ọ̀nà náà.

Àtakò tó wúwo jù ni ti èrú. Ní òpin 2023, akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Daily Nigerian kan fi hàn pé òun gba dìgírì ilé ẹ̀kọ́ kan ní Cotonou láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun sì fi wọ ètò àgùnbánirọ̀. Ní oṣù Kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá gbígba ìwé ẹ̀rí àwọn yunifásítì Benin àti Togo dúró ná. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni pé wọ́n ta ìwé fún ẹni tí kò kàwé, irú rẹ̀ sì lè ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ tó ní kíláàsì ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ orúkọ yunifásítì náà wò lọ́dọ̀ NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì. Kó má dúró síbẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni NUC ń fọwọ́ sí: yunifásítì lè ní àṣẹ kí ìṣàkóso ìlú rẹ̀ má tíì ní. NOUN kò béèrè ìdánwò JAMB, ṣùgbọ́n ó ń béèrè kírédíìtì márùn-ún, Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò mọ́ ọn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé èyí kò pọn dandan, ẹ sá fún un.

Wọ́n á tún ní àwọn kan ń háyà ẹni tí yóò bá wọn ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Wọ́n ń ṣe é lóòótọ́, ìwà burúkú sì ni. Ṣùgbọ́n ní NOUN, máàkì 30 péré ni ti iṣẹ́ àṣetiléwá. 70 tó kù jẹ́ ti ìdánwò. Ní ti owó dátà, àwọn ìwé ẹ̀kọ́ NOUN wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ènìyàn lè fà wọ́n sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, kó sì máa kà wọ́n láìsí dátà. Ìdánìkanwà ló máa ń lé ọ̀pọ̀ padà lẹ́yìn ọdún kìíní, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí òṣìṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti ọ́fíìsì kan náà forúkọ sílẹ̀ pọ̀ bó bá ṣeé ṣe.

Kí òṣìṣẹ́ tó san kọ́bọ̀, kó kọ̀wé gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, kó sì tọ́jú èsì náà. Ìpele 8 ni ẹni tó ní dìgírì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n dìgírì tí ènìyàn gbà lẹ́nu iṣẹ́ kì í dá gbé e débẹ̀. Àyè gbọ́dọ̀ wà. Nígbà tó bá sì di ọdún ìkẹyìn, tí wọ́n bá ní kó ṣe ìwádìí, kó má lọ da àkòrí ẹlòmíì kọ. Owó ìsọ̀ ọjà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀: èló ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́jà, èló ló ń dé báǹkì, àwọn wo ló sì ń buwọ́ lu rìsíìtì? Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ inú ọgbà yunifásítì tó lè tètè dé ìdí ìwádìí yẹn bíi tirẹ̀.